Gíráàmù Kan Péré

Láti ọjọ́ tí káfíńtà ti ń yà nílé ọlọ́ṣẹ ni ọkàn ọmọbìnrin tó ń po ọṣẹ níbẹ̀ kò ti sí lójú kan mọ́. Nígbà tó wá ní kó bá òun po ìpara fún ìyá òun, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé awọ ara ìyá náà kì í gba ìparakípara. Èyí tí wọ́n rà fún un kẹ́yìn sọ ọrùn rẹ̀ di pupa, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń họra. Bí tòun náà bá tún jó o lára, ojú wo ni yóò fi wọlé ọkọ?

Ó gbé ike lé òṣùwọ̀n. Ìpara igba gíráàmù, òróró òdòdó gíráàmù kan péré. Ká ní ọṣẹ ni, ì bá fi tó mẹ́fà sí i, nítorí ọṣẹ yóò bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ìpara àti awọ ara ni wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí.

Ó rò ó pọ̀, ó gbé e símú. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó pe àǹtí rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń gé ọṣẹ olóòórùn láti àárọ̀. Àǹtí fa èémí, ó yọ ṣùtì ètè.

“Èyí ò ta sánsán rárá. Ṣé o fẹ́ kí ìyá ọkọ rò pé ahun ni ẹ́ ni? Fi ṣíbí kan kún un.”

Ó ti ṣí ìgò òróró, ó ti fẹ́ dà á, nígbà tí káfíńtà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti iwájú ilé aránṣọ ni òórùn ilé wọn ti pàdé òun. Ọmọbìnrin náà wo àǹtí, àǹtí wo ọṣẹ tó kún tábìlì. Àṣé imú àwọn méjèèjì ló ti yó láti àárọ̀, tí kò mọ adùn mọ́.

Ó gbé ìpara jáde sí gbangba, ó fi díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ káfíńtà. Ìyẹn gbé e símú, ó dijú, kò sì tètè là á.

“Ó ń ta sánsán jẹ́jẹ́,” ló wí, “bíi pé ẹni téèyàn fẹ́ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.”

Àǹtí ní imú olólùfẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí gidi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti dé ìgò òróró rẹ̀ pinpin. Ó kìlọ̀ fún káfíńtà pé kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fi bíńtín pa ìgbọ̀nwọ́, kó wò ó di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì yẹn gùn ju ọdún lọ. Ọ̀bẹ ọṣẹ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́sàn-án, ìyá náà fúnra rẹ̀ wọlé, ike ìpara lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Ó ká apá aṣọ sókè. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń dán, kò sí pupa, kò sí èélá.

“Ṣé ìwọ lo pò ó?”

“Èmi ni, mà.”

Ìyá ní àwọn tó ń po ìpara fún òun tẹ́lẹ̀ ń da lọ́fínńdà sí i bí ẹni ń pa iná. Ó jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọbìnrin náà, ó sì tú bọ́tìnì rẹ̀.

“Bá mi fi pa ẹ̀yìn, ìyàwó mi. Ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀.”

Àǹtí ti káfíńtà síta, ó ti ilẹ̀kùn. Inú yàrá ni wọ́n wà tí wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń súfèé.