Àwọn Tó Wà Nísàlẹ̀ Odò

Ẹ̀rọ afami náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Sàláhúdéènì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú odò, ó wá ẹnu rọ́bà kàn. Ẹnu rọ́bà ti yọ síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Lóṣù tó kọjá, omi yìí ń dé agbedeméjì ojúgun rẹ̀. Lónìí, kò bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Ó ti rọ́bà náà wọ inú kòtò kékeré tó kù, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Matteson, nítòsí Chicago l'Amẹ́ríkà, ni igbó ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí kọ́lé sí, odò yìí sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tí ooru ti dé ni òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀. Àwọn aláṣẹ àdúgbò wá fòfin de fífi omi pọ́ǹpù ilé wọ́n ọgbà. Kí ni kí bàbá arúgbó tó ní ebè gbúre wá ṣe?

Gbúre yìí kì í sì í ṣe gbúre lásán. Rùkáyátù, aya rẹ̀, ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n ra ilé náà. Tí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, á gé ẹ̀ka díẹ̀ sínú ìkòkò, á gbé e sójú fèrèsé, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rọ ọmọ. Nígbà tí Rùkáyátù kú, ọkọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe, àti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú. Tó bá ń bomi rin ebè náà lówùúrọ̀, ó máa ń ṣe é bíi pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ mú abọ́ wá ni.

Lọ́sàn-án, Amatullah ọmọ rẹ̀ wa mọ́tò dé láti Chicago. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó àti odò ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí orúnkún kì í kan ilẹ̀, ó sì jókòó ti iyán àti gbúre tí bàbá ti sè dè é. Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́.

"Dádì, the creek is dying. Mo rí àwọn ẹja lórí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣì ń mí."

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni."

"It's not just that. Àwọn tó ni pápá gọ́ọ̀fù lókè fẹ́ máa fa omi ẹ̀. A ní hearing on Monday. Mo ti sọ fún adájọ́ pé kò sẹ́ni tó ń fa omi níbẹ̀, torí náà kò yẹ kí wọ́n gba ẹnikẹ́ni láàyè láti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ẹ̀rọ tún wúkọ́ lẹ́yìn ilé. Amatullah gbé orí sókè. Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó tẹ̀ lé rọ́bà dúdú náà títí ó fi dé etí odò. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Dádì, please. Ẹ sọ pé kì í ṣe tiyín."

"Omi odò ni, ọmọ mi. Nílé wa, ta ló ń tọrọ omi odò lọ́wọ́ ìjọba?"

Òtítọ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ. Kò fìgbà kan rò ó pé òun ń jalè. Amatullah kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wo ebè gbúre ìyá rẹ̀, omi lé sí i lójú.

"Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n máa ń fi igi lé àwọn èèyàn nídìí omi."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìtàn ẹ̀rín ló fi ṣe fún un nígbà tó wà ní kékeré: bí ìyá òun, ní abúlé wọn lẹ́yìn Ìwó, ṣe máa ń jókòó sórí àpótí nídìí ìsun omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí yóò máa lé tọmọdé tàgbà, títí kan àbúrò ara rẹ̀ tó gbé ìkòkò ràgàjì wá. Amatullah á rẹ́rìn-ín títí oorun á fi gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Sàláhúdéènì alára gbé korobá lọ síbẹ̀ kò sí nínú ìtàn náà. Ọmọdé ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì dá a lójú pé ìyá òun kò ní lé òun. Ìyá rẹ̀ yí ojú sí omi. "Padà sílé," ló wí. "Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà lẹ́nu." Ó gbé korobá òfìfo padà, ó ń sunkún. Nírọ̀lẹ́, ìyá bu ìpín omi tirẹ̀ fún un mu, òun fúnra rẹ̀ kò mu nǹkan kan. Síbẹ̀, inú ń bí ọmọ náà sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Sàláhúdéènì pa ẹ̀rọ náà. Ó wọ inú odò, ó gbé òkúta kúrò, ó sì fa rọ́bà yọ.

"Lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ló wí. "Dárúkọ mi."

"Dádì, they'll fine you. Àwọn onígọ́ọ̀fù á sì fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Sọ pé bàbá ẹ ń fà á, o ní kó jáwọ́, ó sì jáwọ́."

"Gbúre Mọ́mì ńkọ́?"

Bàbá gé ẹ̀ka kan ṣoṣo lára rẹ̀, ó rì í mọ́ inú ìkòkò Rùkáyátù, ó gbé e wọlé. Nígbà tí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò náà, Amatullah ń da omi búútà sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, omi àlùwàlá sì ń kán sídìí gbúre.

Lẹ́yìn náà, ó gba iwájú fèrèsé kọjá lọ síbi ẹní ìrun. Níta, ebè náà ti ń sorí kọ́. Ó yí ojú kúrò níbẹ̀ kíá, kó má baà padà lọ gbé rọ́bà. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ìyá òun rí òùngbẹ tó ń gbẹ òun lọ́jọ́ náà. Ó rí i dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi yí ojú sí omi.