Hóró Oògùn Inú Àwo

Ohun tó kọ́kọ́ fu onígíláàsì lára ni pé ara rẹ̀ yá.

Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ méjèèjì sì là kedere. Láti ìgbà tó ti ń lo oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí ojú rẹ̀ kò wú. Ìpéǹpéjú á ki, á bo ẹyin ojú mọ́lẹ̀ débi pé ọwọ́ ló fi ń tá ògiri dé ilé ìwẹ̀. Ó di ọ̀sán kí ojú tó là. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró níwájú dígí, ó rí ojú ara rẹ̀ bó ṣe rí kí àìsàn tó dé. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. Òun padà lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ ojúgun ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá pajápajá wà níbẹ̀. Kò sí.

Oògùn náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń lò tán. Dókítà ti ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé hóró kan lójúmọ́ ni, títí ayé, tí kò bá ti pa á jẹ, òun àti àìsàn náà á jọ máa gbé láìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Nígbà tó yá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí, wọn ò rí àìsàn kankan mọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tó gbà á là yìí náà ni kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá ti gbé e mì, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín, ẹnu rẹ̀ á máa ta bí ẹni tó lá irin. Pajápajá kì í kàn sí i kó tó dé. Á máa fa irin ìgégíláàsì lọ jẹ́jẹ́, ìka rẹ̀ á sì ká kò bí èékánná ẹyẹ, gíláàsì á já, á fọ́. Àwọ̀ ara rẹ̀ pàápàá ń pọ́n sí i. Obìnrin kan tó wá ra gíláàsì fèrèsé sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ìpara wo lẹ ń lò? Ó gbà yín ju tèmi lọ.” Ó ní òun ò lo ìpara. Obìnrin náà kàn gbà pé ahun ni.

Gbogbo ìyà yìí, kò sọ ọ́ fún dókítà rí. Bí wọ́n bá bi í pé báwo lara ṣe ń gba oògùn, á ní, “A dúpẹ́, kò sí wàhálà.” Ìdí ni pé dókítà náà ń fu ú lára. Ó rò pé bí òun bá ráhùn, wọ́n á gba oògùn náà lọ́wọ́ òun, wọ́n á sì fi òun sílẹ̀ fún ikú. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Bí oníbàárà bá yin iṣẹ́ rẹ̀ jù, á padà lọ tún fèrèsé náà wọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tí ojú ò wú mọ́, tí ìka ò ká kò mọ́, tí adùn irin kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará ilé ń yọ̀, òun ò yọ̀. Oògùn tó ti ń já èèyàn jẹ láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣàdédé di ọ̀rẹ́. Ó ń rò ó bó ṣe ń to gíláàsì, ó ń rò ó bó ṣe ń jẹun. Àbí wọ́n ti ń fún òun ní ayédèrú ni?

Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ fura sí. Ó ki ìgò oògùn sápò, ó gbé e lọ bá apòògùn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ awò ojú. Ọmọbìnrin náà yí ìgò náà sọ́tùn-ún sósì, ó da hóró kan sọ́wọ́, ó ṣí ìgò tuntun, ó fi méjèèjì wéra.

“Oògùn yín nìyí, bàbá. Ojúlówó ni.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan.”

Apòògùn náà wò ó díẹ̀. Ó ní, “Ó kúkú ti tó àsìkò tẹ́ ẹ máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á kẹ́ ẹ tó lọ.” Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kọrí sílé. Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé e. Bí oògùn inú ìgò bá jẹ́ ojúlówó, a jẹ́ pé láàárín ìgò àti ẹnu òun ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú ilé náà. Òun, ìyàwó rẹ̀ tí òun àti àdúgbò ń pè ní Tíṣà torí pé ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí. Àǹtí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Alásè iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àìsàn dé, ó di ẹrù rẹ̀, ó wá bá wọn gbé, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó tún bá a du ilé ìdáná. Láràárọ̀, á gbé búrẹ́dì, ẹyin àti tíì síwájú àbúrò rẹ̀, á sì fi hóró oògùn sínú àwo pẹlẹbẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé ojú tó wú kì í jẹ́ kó dá ìgò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíì.

Onígíláàsì ò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àǹtí rárá. Ẹni tó pọn èèyàn dàgbà, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i? Ọ̀dọ̀ ìyàwó ni ọkàn rẹ̀ yà sí, ó sì rí ohun tó ń wá níbẹ̀. Ṣebí Tíṣà ló ń bá a gba oògùn nílé ìwòsàn? Ṣebí ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń lọ ṣe fóònù lẹ́yìnkùlé, tó sì jẹ́ pé bí òun bá yọjú, á rẹ ohùn sílẹ̀? Ó tiẹ̀ ti gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, “Rárá o, kò gbọdọ̀ tíì mọ̀.” Ta ni kò gbọdọ̀ mọ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí Tíṣà bá wọ yàrá, á tẹ̀ lé e wọlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Bó bá ti wọ ilé ìwẹ̀, á tú báàgì rẹ̀ wò. Ṣọ́ọ̀kì àti bírò ló bá níbẹ̀, ìyẹn pàápàá ò fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Tíṣà jókòó, ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Onígíláàsì lọ dúró síwájú rẹ̀.

“Tíṣà, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé?”

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà gbogbo. Má fi ìbéèrè dá mi lóhùn. Kí lo ń fún mi jẹ nínú ilé yìí?”

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. “Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò le tó ti àkọ́kọ́.

“Nọ́ọ̀sì ni,” ni Tíṣà wí. “Nọ́ọ̀sì tó ń bá dókítà yín ṣiṣẹ́. Mò ń sọ fún un pé ẹ máa ń bì, pé ọwọ́ yín ń ká kò nídìí gíláàsì, pé irọ́ lẹ máa ń pa fún dókítà. Mo ní kó má tíì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ torí mo mọ̀ yín. Èmi tí mò ń bá yín tọrọ ìrànlọ́wọ́ kiri, èmi lẹ wá ń bi pé kí ni mò ń fún yín jẹ.”

Tíṣà kó ìwé jọ, ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

“Èmi ti máa ń wà lójú ọ̀nà iléèwé nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun àárọ̀,” ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ta ló ń gbé oògùn síwájú yín?”

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ kó ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí gbé oúnjẹ wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì dúró tì í. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti máa ń dúró báyìí títí oògùn á fi wọlé. Onígíláàsì ti máa ń pè é ní ìtọ́jú. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ ò dé inú ẹyin yìí.” Bí wọ́n ṣe yí padà sí ilé ìdáná, ó mú hóró náà, ó sọ ọ́ sápò àyà, ó mu omi. Àǹtí dé, wọ́n wo inú àwo tó ṣófo, wọ́n gbé iyọ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó nu orí tábìlì ìgégíláàsì mọ́. Ó gbé hóró yẹn sórí rẹ̀, ó sì da ọ̀kan láti inú ìgò tó mú bọ̀ láti ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó ti là ló jẹ́ kó rí i. Méjèèjì ló pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wá láti inú ìgò dúdú díẹ̀, wọ́n sì tẹ lẹ́tà sí i lára. Èyí tó ti inú àwo wá kò ní nǹkan kan lára, ó ń rùn bí ọsàn. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó kan, ó tún dùn. Fítámì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ni.

Ó jókòó sórí àpótí. Kò gé gíláàsì kankan lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní dókítà fẹ́ rí i lọ́la, kó má sì dá wá.

Àǹtí ń ṣa ìrẹsì nígbà tó wọlé. Ó kó hóró méjèèjì sórí tábìlì níwájú wọn.

“Àǹtí, ẹ wò ó.”

Wọ́n wò ó. Wọn ò bi í pé kí nìyẹn. Wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n sì mú ańkáṣíìfù kan jáde tí wọ́n ta ní kókó. Wọ́n tú u. Oògùn rẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

“Mi ò da ọ̀kankan nù,” ni wọ́n wí.

“Kí lẹ ṣe é fún?”

“Ọjọ́ tí dókítà ní àwọn ò rí àìsàn náà mọ́, ṣebí èmi ni mo jókòó tì ọ́? Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Mo ń retí kí wọ́n ní kó o dáwọ́ oògùn dúró. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fu mí lára. Mo ní kí ni wọ́n tún ń wò sàn nígbà tí kò sí àìsàn mọ́? Gbogbo ohun tí mò ń rí lára rẹ látìgbà yẹn, oògùn ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí gíláàsì já, tó gé ọ lẹ́sẹ̀, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.”

“Ẹ ò bi mí.”

“Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń sọ fún dókítà pé kò sí wàhálà? Kí ni ǹ bá bi ọ́ tí wàá sọ òótọ́ ẹ̀ fún mi?”

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó wo inú ańkáṣíìfù náà títí.

“Tó bá dá yín lójú, kí ló dé tẹ́ ẹ fi tọ́jú wọn?”

Àǹtí ta ańkáṣíìfù náà ní kókó padà. “Kò dá mi lójú,” ni wọ́n wí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ. Dókítà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní àìsàn náà ti tún yọjú nínú ẹ̀jẹ̀, kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọjú. Ó bi í bóyá ó ń pa oògùn jẹ. Onígíláàsì lanu, bóyá kó ní òun gbàgbé ni o, òun náà ò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àǹtí ló ṣáájú rẹ̀.

“Èmi ni mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, dókítà. Ẹ ní kò sí àìsàn mọ́.”

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. “A ò rí i mọ́ ni mo wí, màmá. Oògùn yẹn ló tẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ tá ò fi rí i. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, á dìde.” Ó yíjú sí onígíláàsì. “Ìyà tí oògùn ń fi jẹ yín ńkọ́?”

Tíṣà ń wo ilẹ̀. Onígíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ojú wíwú, èébì, ìka tó ń ká kò, gíláàsì tó ń fọ́. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe pọ̀ tó. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó ní ó ṣe é tún ṣe: oògùn kan wà fún ojú wíwú, òmíì wà fún pajápajá, kó sì máa fi oúnjẹ ńlá ìrọ̀lẹ́ gbé hóró náà mì dípò ti àárọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún dára, àwọn lè bá a dín in kù. “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó le tó báyìí,” ló wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojú wú padà, kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń dára díẹ̀díẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀ oṣù kí dókítà tó sọ pé ó ti padà síbi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ò ní gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Tíṣà ò tètè gba ẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.” Ó sì pẹ́ lóòótọ́.

Onígíláàsì ló ń da oògùn rẹ̀ sọ́wọ́ fúnra rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ìfura ò bá ayédèrú lọ. Láìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn tíì kó tó mu ún. Àǹtí rí i. Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ látọjọ́ náà, wọ́n á kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú ife náà lójú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un. Ó dùn ún ju pajápajá lọ, síbẹ̀ kò lè ní kí wọ́n má ṣe é, torí pé ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, Àǹtí gbé ife sẹ́nu, onígíláàsì na ọwọ́, ó gbà á.

“Àǹtí, ẹ má tọ́ ọ wò mọ́.”

“Ṣé ó ti kúrò lọ́kàn rẹ?”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú.

“Kò tíì kúrò tán,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mu ún ní gbígbóná.”