Ẹjọ́ Jinbei ní Ilé Olódi Kuromine

Láti ọjọ́ tí ọba Kuromine ti bẹ́ Jinbei lórí, kò sí ará abúlé wa, Okuno, tó gba ẹnubodè ilé olódi yẹn wọlé. Jinbei ni baálẹ̀ wa nígbà náà, láyé àwọn baba ńlá wa. Ọ̀dá dá, ìrẹsì kò so, ó gòkè lọ bẹ ọba pé kó dín ìṣákọ́lẹ̀ kù. Orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n dá padà fún wa. Nítorí náà, bí igi ṣẹ́rì bá tanná lórí òkè, tí gbogbo ìlú ń lọ jẹun lábẹ́ rẹ̀, oko làwa máa ń wà.

Ilé ọ̀hún náà rí tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àwọn ọba parí, wọ́n tà á fún àwọn tó ń wá igi ìdáná. Àwọn sójà wá gba òkè náà. Lẹ́yìn ogun, ìlú fi kọnkéré kọ́ òmíràn, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè sí i. Ní báyìí, ó ti di òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá lówó lè jọba fún ọjọ́ kan, kí àwọn ọmọ ìlú wọ aṣọ àtijọ́, kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún un. Ó ń rí mi lára.

Hanaoka, máníjà ibẹ̀, ló wá bá ọkọ mi, Tokuzo, ìran Jinbei, pé kó wá ṣe Jinbei nínú eré fún àwọn àlejò. Àlejò tó jọba ni yóò dá ẹjọ́ náà bó ṣe wù ú. Mo ń retí kí Tokuzo lé e jáde. Ó ní òun gbà.

"Bàbá Chinami, ṣé kò sí o? Ẹ fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn?"

"Ìyá Chinami, fara balẹ̀. Ó ní wọ́n lè dárí jì mí."

"Ta ló fẹ́ dárí jì yín? Ẹni tó fowó ra oyè ọjọ́ kan?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lórí ìtẹ́ yẹn kí n tó kú, kí n lè lọ sọ ọ́ fún Jinbei níbi sàréè rẹ̀."

Mo tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń gba ẹnubodè yẹn kọjá, inú ń bí mi.

Oníṣòwò kan láti Tokyo ló jọba lọ́jọ́ náà, ọmọ tí a lè bí. Tokuzo dojú bolẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Hanaoka kọ́ ọ ló sọ. Àwọn ọmọ tí ebi pa kú ní Okuno ló ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí bàbá rẹ̀ ṣe kà wọ́n fún un. Àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Àlejò náà tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ rọ̀. Mo rí i, mo sì ń bẹ òkú Jinbei pé kó bá wa dá sí i.

Ọ̀rẹ́ àlejò náà na fóònù sí i. "Ọba kì í ṣojo o. Mo ti ń ká a sílẹ̀."

Àlejò náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ bẹ́ ẹ lórí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó mú idà onígi fi kan ọkọ mi lọ́rùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣubú." Tokuzo kò ṣubú. Ó gbójú sókè.

"Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ tún un rò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Àlejò náà ti dìde, ó ń béèrè oúnjẹ. Ìgbà náà ni ọkọ mi tó ṣubú.

Hanaoka sáré wá. "Bàbá, ikú yín mà dùn-ún wò o! Ṣé ẹ ó tún wá ní Sátidé?"

Tokuzo ń gbọn òkúta kúrò lórúnkún. Kò wo ojú mi.

"Mo máa wá," ó ní. "Ẹlòmíì ló máa jókòó síbẹ̀."