Ìbọ̀wọ́ Àlejò

Ní gbogbo ìlú Ajara, kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ọ́ fọ̀ bíi Mátírọ̀nì Oyèrónkẹ́. Bó bá ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ní ilé ìwòsàn aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́, á ká apá aṣọ sókè, á bo ọwọ́ ní ọṣẹ, á ha ìdí èékánná, á ki ìka bọ àárín ìka. "Ẹ má dé ọmọrí abẹ́rẹ́ padà! Ẹ má ju abẹ́rẹ́ sínú ìdọ̀tí!" Ohùn rẹ̀ a máa dé ẹnu géètì. Ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un lọ́dún tó kọjá wà lára ògiri nínú gíláàsì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń nù ún láràárọ̀. Ká má parọ́, obìnrin náà mọṣẹ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó ka àlejò sí ju ará ilé lọ.

Ilé ló ti kó ìyẹn wá. Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àwo tánganran mẹ́fà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ tí ọmọ ilé kankan kò fi jẹun rí. Ti àlejò ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó àpótí tuntun tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ àlòkù sí dé ilé ìwòsàn, àwọn aláwọ̀ ìyeyè tí abẹ́rẹ́ kì í gún jáde, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn dáadáa, tí wọ́n sì ní àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, Oyèrónkẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a ní tuntun," ó ní.

Àwọn òṣìṣẹ́, ará ilé, wá ń lo ti àtijọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Oyèrónkẹ́ gún apẹja kan lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gún láàárọ̀ náà nìyẹn. Àpótí àtijọ́ ti kún dẹ́nu. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò rẹ̀, ó sì rò ó pé òun ò ní tìtorí abẹ́rẹ́ kan ba ẹrù tuntun jẹ́. Ó dé ọmọrí abẹ́rẹ́ náà padà, ó jù ú sínú ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú. Oyèrónkẹ́ o, olùkọ́ gbogbo wọn!

Kò tó ìdajì wákàtí tí Àǹtí Dosi fi ké. Àǹtí Dosi ló ń gbá ilé ìwòsàn náà, obìnrin Ègùn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í ṣe oníjọ̀ngbọ̀n rárá. Ó fẹ́ di ẹnu ọ̀rá ìdọ̀tí ni, kò mọ̀ pé ọmọrí abẹ́rẹ́ ti yọ. Abẹ́rẹ́ wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

Dókítà Adékọ́lá, ọ̀gá wọn, sáré jáde. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ náà.

"Mátírọ̀nì, abẹ́rẹ́ wo nìyí? Ta ni wọ́n fi gún?"

Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pariwo lé lórí dúró tì í, ìwé ẹ̀yẹ náà sì wà lára ògiri lókè orí wọn. Ìtìjú mú un, kó sì tó ronú, irọ́ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ tí mo fi po oògùn ni, sà. Kò kan ara ẹnikẹ́ni. Ó jọ pé ó já bọ́ síbẹ̀ ni." Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ó yíjú sí obìnrin náà. "Ẹ̀yin náà, Àǹtí Dosi, kí ló dé tí ẹ ò wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn?"

Àǹtí Dosi tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Mátírọ̀nì mi. Ẹ̀bi mi ni."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní abẹ́rẹ́ tó ti kan ẹlòmíràn ni, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ìbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì, torí oògùn náà kì í wúlò mọ́ bí wákàtí méjìléláàádọ́rin bá ti kọjá. Ṣùgbọ́n bó ṣe jẹ́ ti oògùn pípò, kò séwu. Ta ni yóò já Oyèrónkẹ́ nírọ́ lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́?

Oyèrónkẹ́ padà sí yàrá rẹ̀, ó yọ káàdì apẹja náà wò, bó tilẹ̀ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì ti pa oògùn tirẹ̀ tì láti bí oṣù mẹ́ta.

Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ní òun á sọ fún dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, ó gba ilé lọ. Ó ní ó di Ọjọ́rú. Lọ́jọ́rú, Àǹtí Dosi gbé ẹja yíyan wá fún un nínú ike, ó ní kí Mátírọ̀nì òun má fi ọ̀rọ̀ àná sínú. Oyèrónkẹ́ gbà á, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ balùwẹ̀ lọ, ó sunkún, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ́ àwọn èèyàn. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀!

Ọjọ́bọ̀ pé, àwọn àlejò mẹ́ta dé. Kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣí. Àpótí tuntun wà lórí tábìlì, ìbọ̀wọ́ tuntun tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Dókítà wà lọ́dọ̀ aláìsàn nígbà náà. Olórí wọn, obìnrin kan tó wọ awò ojú, ní kí wọ́n pe ẹni tó ń gbálẹ̀ wá.

"Màmá, ṣé abẹ́rẹ́ ti gún yín rí níbí?"

Àǹtí Dosi wo Oyèrónkẹ́, ó rọra ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ra.

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Mawú, Ọlọ́run mi, má jẹ̀ẹ́! Mátírọ̀nì wa ń tọ́jú wa gidi gan-an."

Oyèrónkẹ́ gbójú sókè wo aago. Àádọ́ta wákàtí ti kọjá. Bó bá dákẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ìwé ẹ̀yẹ mìíràn ń bọ̀. Ó wo ọwọ́ tí obìnrin náà ká mọ́ra, ó sì rí i pé nítorí òun ni obìnrin náà ṣe ń fi ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́.

"Irọ́ ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré, wọn ò gbọ́. Ó kúnlẹ̀. "Irọ́ ni, mà. Abẹ́rẹ́ gún wọn lọ́jọ́ Túsìdeè. Èmi ni mo jù ú sínú ìdọ̀tí, mo sì ti fi gún aláìsàn. Mo mọ̀ látọjọ́ náà. Ẹ bá mi pe dókítà, kí wọ́n fún wọn ní oògùn báyìí."

Kó tó di ọ̀sán, oògùn ti wà lọ́wọ́ Àǹtí Dosi. Dókítà kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún Oyèrónkẹ́. Oyèrónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló yọ ìwé ẹ̀yẹ náà lára ògiri. Àǹtí Dosi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo oògùn náà.

"Láti Túsìdeè lẹ ti mọ̀?"

"Láti Túsìdeè."

"Nígbà tí ẹ jẹ ẹja mi, ẹ ti mọ̀?"

Oyèrónkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àǹtí Dosi da oògùn sẹ́nu, ó fi omi lé e, ó sì dìde lọ.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni yóò fi lo oògùn náà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá síwájú tábìlì Oyèrónkẹ́. "Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní. Kò pè é ní Mátírọ̀nì mi mọ́. Ó lo oògùn ti ọjọ́ náà, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀. Ó nawọ́ sí ìbọ̀wọ́ tó nípọn náà, àmọ́ kò fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹ̀gàn lóhùn rẹ̀ rárá. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo lè wọ èyí lónìí, àbí àlejò ṣì ń bọ̀?"