Kílípà Oníkílípà

“Wahab, rọra! Ibẹ̀ ń yún mi, ó tún ń ta mí.”

Wahab gbé ọwọ́ kúrò ní àgbọ̀n Dúrósinmí. Làpálàpá ti ṣe òrùka mẹ́ta sínú irùngbọ̀n ọ̀gá aṣọ́bodè kọ́sítọ́ọ̀mù náà, ó sì ń pa èépá funfun. Ooru mú nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yìí ní àdúgbò Rumuigbo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru ló ń mú Wahab làágùn. Ara ògiri ló máa ń gbé kílípà àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ́, oníkálukú nínú àpò tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, kí ẹnìkan má baà kó àìsàn ẹlòmíràn. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

“Kí ni dókítà wí, ọ̀gá?”

“Ó ní ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni, pé ara ẹlòmíràn ni mo ti kó o. Mo mọ ẹni náà. Ìyá ìyàwó mi ni.”

“Màmá tó wá wẹ ọmọ tuntun?”

“Kànrìnkàn wọn ni mo ṣèèṣì lò. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì Ìbàdàn fún wọn. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń di ẹrù. Ìyàwó mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.”

Wahab gbé kílípà kalẹ̀, ó tún gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, Sotonye aládùúgbò sì mú ọmọ rẹ̀ wá. “Bros, abeg, na today be him birthday o.” Kílípà Dúrósinmí nìkan ló ní iná nínú. Wahab rí òrùka lórí ọmọ náà, síbẹ̀ ó fi kílípà náà gẹrun rẹ̀. Ó ní òun á fi sípíríìtì nu kílípà náà tó bá yá. Oníbàárà mìíràn wọlé, ó gbàgbé.

Tó bá sọ ọ́, gbogbo àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò bá ọ̀gá wọn lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ń gbéra.

Ó pa kílípà.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kì í ṣe Màmá. Èmi ni. Mo fi kílípà yín gẹrun ọmọ kan tó ní làpálàpá lórí, mi ò sì nù ún.”

 Dúrósinmí dìde pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba kílípà rẹ̀, ó já àpò rẹ̀ lára ògiri, ó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóònù sétí.

“Màmá,” ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tú ẹrù yẹn.”