Ọkùnrin Tí Kò Gba Ìbọn

Onígbàjámọ̀ ni, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ń fá irun fún ọ, gbogbo ìròyìn àdúgbò ni yóò wọ etí rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ogun dé tí wọ́n ń ṣa àwọn ọkùnrin jọ, ó bá wọn lọ sí àgọ́ ológun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n na ìbọn sí i, kò gbà á. Ó ní ìgbàgbọ́ òun kò fún òun láyè láti pa ọmọ ẹlòmíràn. Sájẹ́ǹtì, ìgìrìpá ọkùnrin kan, gbé ìbọn náà lé e láyà, ó jábọ́. Ó tún gbé e lé e. Ó tún jábọ́. Sájẹ́ǹtì ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Ó fọ́ ọ létí, wọ́n sì wọ́ ọ lọ.

Oṣù mẹ́jọ ló lò lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà, adájọ́ ní kó lọ máa sìn nílé ìwòsàn àwọn ológun, kó máa wẹ àwọn tó fara gbọgbẹ́, kó sì máa fá irùngbọ̀n wọn. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí i pé àwọn aládùúgbò kì í kí òun mọ́, ṣùgbọ́n òun ń jẹ, òun ń sùn, kó má fòyà.

Wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi í sí gùn, ó sì funfun nigín-nigín. Láàárọ̀, oòrùn a gba ojú fèrèsé wọlé, ooru omi gbígbóná a máa rú sókè díẹ̀díẹ̀, a sì dà bí ẹni pé gbogbo bẹ́ẹ̀dì ń léfòó lórí ìkùukùu. Ó ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Àwọn kan a kọjú sí ògiri bó bá ti ń bọ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ tutọ́ sínú abọ́ omi rẹ̀. Ó da á nù, ó lọ bu òmíràn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé sájẹ́ǹtì wọlé. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, irùngbọ̀n sì ti bo ojú rẹ̀ bí igbó. Ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ fẹ́ yà síbòmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń po ọṣẹ.

Sájẹ́ǹtì wò ó títí. "Ìwọ nìyẹn."

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀ pé mi ò lè fọwọ́ bo ọ̀fun mi."

"Mo mọ̀."

Ó fi ọṣẹ kùn ún, ó na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọjú sí ògiri yíjú padà. Abẹ náà ń lọ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ lórí omi tó pa rọ́rọ́. Nígbà tó dé ọ̀fun, ó rí iṣan tó ń lù kì-kì lábẹ́ awọ, ó sì rọra fi àtàńpàkò ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí abẹ má baà ṣìnà.

"Ṣé ẹ̀rù bà ọ́ lọ́jọ́ yẹn?" Sájẹ́ǹtì ti di ojú.

"Ó bà mí, sà. Ó ṣì ń bà mí."

"Ó ba èmi náà," ni sájẹ́ǹtì wí, ó sì gbé àgbọ̀n sókè sí i.

Nígbà tí ogun parí, onígbàjámọ̀ padà sílé, ó bá ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga kan sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Àwọn mìíràn kò kí i títí tí wọ́n fi kú. Àwọn tó kọ́kọ́ wá fárun lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ti ogun bọ̀, òmíràn pẹ̀lú ọ̀pá, òmíràn pẹ̀lú ojú kan. Wọn kò bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè, ewé á sì máa já bọ́ lé wọn léjìká.