Igbó Elú Ọ̀nà Alábàtà

Theophilus, akọ̀wé ilẹ̀ ní káńsù, ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìkà ni. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà fi ojú ọmọlúàbí wò ó.

Ní ọdún 1980, Asiata, aláró kan ní Ìtòkú, ní igbó létí odò lọ́nà Alábàtà. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Elú ló kún inú rẹ̀, ewé tí wọ́n ń gún láti fi ṣe aró, tó ń fà mọ́ igi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Àwọn aláró yòókù ti yà sí aró òyìnbó, Asiata kò gbà. Ó ní èyí máa ń ṣá. Igbó yìí ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òun náà ló sì fẹ́ fi lé Bùsírátù, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lọ́wọ́.

Òfin ilẹ̀ tuntun kò tíì pẹ́ nígbà náà, ọkàn èèyàn kò balẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé káńsù ń kọ ilẹ̀ tí yóò gbà àti èyí tí yóò dá sí. Kí sì ni a fi ń mọ onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Oko ni. Ẹni tó bá ṣán igbó tó sì kọ ebè, ta ni yóò bá a jà? Igbó tó dákẹ́ ni àwọn ajagungbalẹ̀ ń wá. Àyà Asiata já, ó gba ọ́fíìsì Theophilus lọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó ti pọ̀n ọ́n rí nídìí ìkòkò aró.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jókòó."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mi ló gbé mi wá. Ṣé kí n ṣán an kí àwọn èèyàn yín tó dé?"

Ìwé tí káńsù kọ ètò náà sí wà lórí tábìlì níwájú wọn. Igbó etí odò ni káńsù fẹ́ dá sí, kí odò má baà gbẹ, kí onílẹ̀ sì máa já ewé rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣán ni wọn yóò gbà, kí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fi kọ́lé. Theophilus wà lára àwọn tó ń wá ilẹ̀ ilé. Asiata kò mọ̀wé, nítorí náà Theophilus kò tilẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti dojú ìwé náà délẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀, mà," ó ní. "Ṣé èmi ni màá kọ́ yín ní oko dídá?"

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kó bá òun kí Bùsírátù.

Asiata kó alágbàṣe mẹ́fà wọ igbó. Wọ́n ṣán an, wọ́n dáná sun ún, ó sì sunkún nígbà tí òórùn elú tó ń jó kan imú rẹ̀. Ó gbin ẹ̀gẹ́. Mọ́níkẹ́, aláró tí wọ́n jọ pààlà, ní ara ń ro òun, òun kò lè ṣán nǹkan kan. Asiata pè é ní ọ̀lẹ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ka ìwé náà sétí gbogbo èèyàn. Igbó Mọ́níkẹ́ wà lára èyí tí wọ́n dá sí. Ti Asiata lọ. Ó ní kí wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ló sáré bá Theophilus.

"O mọ̀! Ìwé yẹn wà níwájú rẹ, o mọ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ṣán an, mà. Èmi kò gbé àdá lé yín lọ́wọ́."

Nígbà tí katapílà dé, Theophilus tẹ̀lé e wá. Asiata ti dúró láàárín ebè. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó pọ̀n, ó fi ọwọ́ ya ewé ẹ̀gẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

"Wò ó, iná kò pa gbòǹgbò rẹ̀. Elú ti ń rú. Ẹ fún mi ní ọdún méjì péré, yóò padà di igbó. Mo bẹ̀ ọ́, Theo."

Theophilus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ewé kékeré náà.

"Lóòótọ́, ó ń rú," ó ní jẹ́jẹ́.

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó sì ké sí awakọ̀ katapílà pé, "Ìhín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Gbẹ́ ẹ jìn dáadáa, kí gbòǹgbò má ṣẹ́kù."